Bọ́ọ̀dù Orí Omi Lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀

Ẹ̀rọ atẹ́gùn náà tún kú sí i lọ́wọ́. Haneefah fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì jíìpù, ó sì fa ọwọ́ padà kíá. Bó bá ti gbóná tó báyìí, kò sí ẹ̀bẹ̀ tí èèyàn lè bẹ̀ ẹ́, àfi kó sinmi títí yóò fi tutù. Haneefah ò sì ráyè ìsinmi ẹnikẹ́ni lónìí, débi tí yóò wá ráyè ti ẹ̀rọ.

Bàbá rẹ̀ ló so ẹ̀rọ náà mọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà ayé rẹ̀, kó lè máa fẹ́ táyà fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Haneefah ló máa ń bá a di tọ́ọ̀ṣì mú. Bọ́ọ̀dù lòun ń fi fẹ́ ní tirẹ̀: bọ́ọ̀dù onírọ́bà gbọọrọ tí èèyàn ń dúró lé lórí, tí yóò máa fi àjẹ̀ wà á kiri ọ̀sà. Bí kò bá sí atẹ́gùn nínú rẹ̀, kíká ló ń wà bí aṣọ inú àpótí. Mẹ́fà ló ní. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì kan ní Màrínà, tí Ọpẹ́yẹmí ṣáájú wọn, ti ní àwọn yóò wá gùn wọ́n lákòókò ìsinmi ọ̀sán lónìí. Àwọn ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Bí tiwọn bá sì bàjẹ́, ó parí. Wàsíù ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìdúmọ̀tà, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. "Tí n ò bá rí nǹkan gidi lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, màá mú jíìpù lọ́jọ́ Sátidé, màá sì tà á. Ogún bàbá wa kì í ṣe ohun ìṣeré." Láìsí jíìpù, kò sí atẹ́gùn. Ẹ̀rù bà á gan-an, àmọ́ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Ó ti fẹ́ bọ́ọ̀dù márùn-ún, ó tò wọ́n sí ibòji ògiri níwájú ilé. Ẹ̀kẹfà ṣì rọ̀, atẹ́gùn rẹ̀ kò tíì kún. Ìgbà tí ẹ̀rọ tutù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ń kùn ni wọ́n pe ìrun.

"Ọmọ mi, pa mọ́tò yẹn. Lèmọ́ọ̀mù ti gun mínbárì, wáàsí ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Àlàájì Bùsàrí ni, ẹni tó ń rán fìlà ní ilé òdìkejì. Ó ti bọ́ bàtà. Ó ti gun orí bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, ó ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹní tó rọ̀ báyìí," ó ní. "Kí Ọlọ́run fi kún un fún ọ."

Ní àdúgbò wọn, bí mọ́ṣáláṣí bá kún, ilé kọ̀ọ̀kan a máa tẹ́ ẹní síwájú ilé rẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wọlé. Ìyá Haneefah tẹ́ ẹ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Láti ìgbà náà, iwájú ilé tiwọn nìkan ló ń ṣófo. Haneefah fẹ́ sọ pé kì í ṣe ẹní. Kó tó rò ó dáadáa, àwọn ọkùnrin ti tò sórí bọ́ọ̀dù márààrún. Ta ló fẹ́ fa nǹkan lábẹ́ ẹni tó ń kírun? Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì de bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́ẹ́jẹ́.

Sùúrù ni lèmọ́ọ̀mù wá fi ṣe wáàsí, kò sì kánjú rárá. Haneefah dúró, ó lóṣòó, ó tún dìde. Ó tún ìborí rẹ̀ tí kò tú wé. Fóònù gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ọpẹ́yẹmí ló kọ̀wé: "A ti dé etí omi o. Where are you?"

Ìgbà yẹn ni Wàsíù sáré dé láti ọjà. Kò sáyè mọ́ àfi orí ẹ̀kẹfà. Ó wo bọ́ọ̀dù, ó wo àbúrò rẹ̀, ó bọ́ bàtà. Bó ṣe gùn ún, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì gbá a nígùnpá mú. Ẹ̀rín ń pa Haneefah, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan gidi tí Wàsíù ní òun fẹ́ rí ló ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹn.

Wọ́n sálámà, ìrun parí. Àlàájì béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta ẹní náà.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Orí omi ni wọ́n ń lò ó. Àwọn oníbàárà mi ti ń dúró níbẹ̀."

"Wọ́n á dúró lé e lórí ọ̀sà?" Àlàájì tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. "Ó kúkú gbé èmi."

Ó wọ bàtà, ó sì gbá etí bọ́ọ̀dù tirẹ̀ mú. Àwọn yòókù gbé tiwọn, wọ́n forí lé etí omi. Haneefah tẹ fóònù sí Ọpẹ́yẹmí pé wọ́n ti ń bọ̀.

Ó ku òun àti Wàsíù.

"Èyí ò le," Wàsíù ní, ó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀kẹfà.

"Mo mọ̀, Bọ̀dá mi. Ìrun ló dá mi dúró."

Wàsíù rìn lọ sídìí jíìpù. Haneefah tẹ̀ lé e. Ó rò pé kọ́kọ́rọ́ ló fẹ́ yọ. Ṣùgbọ́n iwájú ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí, ó ń fi ìka wá abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì kiri, ó wá ọ̀tún, ó wá àárín, kò rí ibi tí wọ́n ń gbà ṣí i. Gbogbo ìgbà tí bàbá wọn bá bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ́ńjìnnì, Haneefah ló ń pè. Ọjà ló ń rán Wàsíù lọ. Ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ tà yìí, kò sẹ́ni tó ṣí i hàn án rí. Haneefah náà ò sì ronú kàn án rí.

Ó fẹ́ sáré lọ ṣí i fúnra rẹ̀. Ó dúró.

"Apá òsì ni, Bọ̀dá mi. Ẹ tì í sókè díẹ̀."

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣí. Haneefah ṣíná ọkọ̀, ó na rọ́bà atẹ́gùn sí Wàsíù. "Ẹ bá mi dì í mú ṣinṣin. Ó máa ń já."

Wàsíù kúnlẹ̀ ti bọ́ọ̀dù, ó di rọ́bà náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Bọ́ọ̀dù bẹ̀rẹ̀ sí í le.

"Ṣé bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni."

Wàsíù ò gbójú sókè. "Jímọ́ọ̀ tó ń bọ̀," ó ní, "jẹ́ ká tètè bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó pe ìrun."