Ẹnì Kẹta

Lọ́jọ́ tí káńsù fẹ́ ṣí àpòòwé àwọn tó ń du iṣẹ́ ìdérí gọ́tà, Mutolib wẹ́dà ló kọ́kọ́ dé, láti Owódé Onírin. Bí kò bá rí iṣẹ́ yìí gbà, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kú nìyẹn. Wọn ò tíì ya àpòòwé kankan tó fi rí i lójú fèrèsé pé wọ́n ń já ìdérí gọ́tà tuntun sílẹ̀ nínú ọgbà káńsù, orúkọ ẹlòmíì lára ọkọ̀ tó kó wọn wá.

Ó yíjú sí ọ̀gá káńsù tó fẹ́ ṣí àpòòwé: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà... àwọn ìdérí tí wọ́n ń já nísàlẹ̀ yẹn ńkọ́?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Alájì, òfin ní kí ẹni mẹ́ta du iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí iye wọn pé mẹ́ta. Àbí orí ilẹ̀ káńsù kọ́ ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?”

Mutolib náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ṣí àpòòwé tán, tí wọ́n ní kí ẹni tó rí i pé kò sí màgòmágó nawọ́ sókè, ọwọ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gòkè.