Abẹ́rẹ́ Tó Bá Àwo Ìyá Mu

Iṣẹ́ aago ọwọ́ ni baba kan ń ṣe. Ó ti lé ní ogójì ọdún tó ti ń tú aago tí kò tóbi ju èékánná lọ, tó ń tò ó padà láìsọ ohunkóhun nù. Ìdí nìyẹn tí ara fi ń ta á gan-an pé kátíríìjì, àpótí pẹ́ńpẹ́ tó gbé abẹ́rẹ́ dání lórí apá ẹ̀rọ àwo orin, ló fẹ́ sọ òun di dìndìnrìn.

Àwo orin kan ṣoṣo ló ní. Ìyá rẹ̀ ló kọrin sínú rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ọmọ oṣù mẹ́rin ni nígbà tí ìyá náà kú, kò mọ ohùn rẹ̀ rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti ń fi àwo náà pamọ́ sábẹ́ aṣọ láti ọjọ́ yìí wá. Nígbà tó gbé e lé e lọ́wọ́, ó ní, "Àbúrò, etí mi ti ń di o. Tètè wá nǹkan ṣe sí i kí èmi náà lè gbọ́ ọ."

Ó wá ẹ̀rọ àlòkù kan tó lè yí kíákíá bí àwo àtijọ́ ṣe ń fẹ́, ṣùgbọ́n kátíríìjì rẹ̀ ti kán. Ló bá gba ìsọ̀ ohun èlò orin lọ. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń tajà níbẹ̀ da ọ̀rọ̀ bò ó: ohùn ti èyí máa ń rọ̀ létí, ti tọ̀hún máa ń dún ketekete.

"Èyí ni kẹ́ ẹ mú, Bàbá. Ẹ máa gbọ́ bí akọrin ṣe ń mí."

Ó mú un délé, ó dè é, ó wọn ìwúwo abẹ́rẹ́ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí. Ohun tó jáde dà bí ìgbà tí èèyàn ń wọ́ ìgbálẹ̀ lórí páànù. Obìnrin kan ń kọrin lẹ́yìn ariwo náà, àmọ́ bí ẹni wà lódìkejì ògiri.

Ó padà síbẹ̀. "Àfi kẹ́ ẹ mú èyí tó ga jù ú lọ," ni ọ̀dọ́kùnrin náà wí. "Ẹnu abẹ́rẹ́ tiẹ̀ tín-ín-rín gan-an."

Ariwo ti ìyẹn tún le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìyàwó rẹ̀ yọjú láti yàrá. "Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sóhun tí ọwọ́ yín ò lè tún ṣe?" Lọ́jọ́ kejì, baba fọ́ gíláàsì aago oníbàárà, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Ìbínú ló gbé e padà sí ìsọ̀ náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ibi tó ti ń jágbe ni màmá àgbà kan tó wá ra wáyà ti gbọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ rédíò ni màmá náà ti fẹ̀yìntì.

"Ẹ rọra. Irú àwo wo ni?"

Ó ṣàlàyé. Màmá náà mi orí. "Abẹ́rẹ́ àwo òde òní lẹ ń kì bọ ilà àwo àtijọ́. Ilà tiẹ̀ fẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kàn ń wọ́ nísàlẹ̀ tí ìdọ̀tí wà ni, kò kan ẹ̀gbẹ́ tí ohùn wà. Èyí tí ẹnu rẹ̀ nípọn lẹ nílò."

Baba yíjú sí ọ̀dọ́kùnrin náà. "O ò bi mí irú àwo tí mo ní!"

"Bàbá, ẹ̀yin náà ò sọ."

Kátíríìjì tí baba nílò wà ní pẹpẹ ìsàlẹ̀ pátápátá, eruku ti bò ó. Òun ló pọ́ọ́kú jù níbẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fi etí ti sípíkà. Ohùn ìyá wọn jáde, ó ha díẹ̀, ó sì súnmọ́ wọn bí ẹni jókòó sí yàrá kan náà. Láàárín orin, ó dákẹ́ lójijì. Baba fò dìde. "Ó tún ti bàjẹ́!"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Jókòó."

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín nínú àwo, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà látòkè.

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Wọn ò lè kọrin kan parí kí wọ́n má gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta tí baba ti dáyé, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún un rí. Inú bí i. "Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò gbọ́. Etí rẹ̀ wà lára sípíkà. Baba la ẹnu láti tún un sọ, ó sì pa á dé.