Jẹ̀díjẹ̀dí Ìmísíolúwa

Ẹnu lásán ni màmá mi fi kó jẹ̀díjẹ̀dí ran ẹ̀gbọ́n mi.

Ọtí ló ń bá Ìmísíolúwa jà. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ apẹja ló ń tún ṣe ní Jamestown, àmọ́ akpeteshie, ọtí líle tí wọ́n ń pọn ní Ghana níbí, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó gbà láti lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà yẹn, Màmá ń retí oyè Ìyá Ìjọ, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́. Ló bá sọ fún gbogbo ayé pé jẹ̀díjẹ̀dí ló dá ọmọ òun gúnlẹ̀. Ó rò ó dáadáa kó tó mú àìsàn yẹn: kò sẹ́ni tó máa ní kí wọ́n ṣí i hàn òun. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Ọmọ ńkọ́?

Ohun kan ni obìnrin ọlọ́gbọ́n yìí gbàgbé. Kò sí Yorùbá kan lábẹ́ ọ̀run tí kò mọ oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, kò sì sí oògùn jẹ̀díjẹ̀dí gidi, lójú tiwọn, tí wọn kì í fi ọtí rẹ.

Ọjọ́ tí Ìmísí dé ni ìgò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Àǹtí Àgbékẹ́, àbúrò Màmá, gbé tiẹ̀ wá láti àdúgbò Nima, egbò igi nínú akpeteshie tó kún dé ọrùn. Àlàgbà Àrówólò, tó ń wàásù lòdì sí ọtí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbé ìgò méjì wá, ó ní èyí kì í ṣe ọtí, oògùn ni. Mo gbóòórùn ẹnu rẹ̀ nígbà tó ń gbàdúrà. Ó dájú pé ó ti ń tọ́jú jẹ̀díjẹ̀dí tirẹ̀ láti àárọ̀.

Màmá to gbogbo rẹ̀ sórí fíríìjì ní pálọ̀, níbi tí Ìmísí ń sùn. Mo ní kí n dà wọ́n nù. Ó ní wọn kì í da oore nù, àti pé tí Àlàgbà bá bèèrè ìgò rẹ̀ ńkọ́? Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Obìnrin tó ń sunkún sí Ọlọ́run pé kó gba ọmọ òun lọ́wọ́ ọtí ló sọ pálọ̀ di ilé ọtí.

Afua, tó tọ́jú Ìmísí níbi tó lọ yẹn, ti kọ́ ọ pé kó má gbé ibi tí ọtí wà. Tí ọkàn rẹ̀ bá ń fà sí i, kó kúrò níbẹ̀ kíá, kó sì sọ ọ́ jáde, torí ohun tí èèyàn bá ń fi pamọ́ ló ń lágbára sí i. Ìmísí ń gbìyànjú. Á mu omi, á rìn lọ sétí òkun, á jókòó ti àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe títí ọkàn rẹ̀ á fi rọ̀. Màmá ní kí ló ń rìn kiri fún, ṣé bí ẹni tó ní jẹ̀díjẹ̀dí ṣe ń rìn nìyẹn?

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n fi Màmá jẹ Ìyá Ìjọ, àlejò kún pálọ̀. Àlàgbà bu oògùn sínú ife, ó ní kí Ìmísí mu ún lójú gbogbo wa kí àwọn lè dúpẹ́ ìwòsàn. Ìmísí ní òun ti yó. Àlàgbà ní oògùn kì í ṣe oúnjẹ. Àǹtí Àgbékẹ́ bèèrè bóyá ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé máa ń da ọwọ́ àgbà padà. Ìmísí bá fi ọwọ́ méjèèjì gba ife, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo wo Màmá pé kó sọ̀rọ̀, kódà kó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Ìmísí ní, "Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Màmá dáhùn pé, "Mu díẹ̀, ọmọ mi. Díẹ̀ kì í pààyàn."

Ìmísí rọra gbé ife náà kalẹ̀. "Ẹ̀yin àgbà, mo bẹ̀ yín, ẹ má bínú. Mi ò ní jẹ̀díjẹ̀dí. Ọtí ló di bárakú fún mi, òun ni mo lọ tọ́jú. Tí mo bá tọ́ èyí wò, mo kú nìyẹn."

Àlàgbà wo Ìmísí, ó wo ife, ó sì gbé e mu kó má bàa ṣòfò. Màmá rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n má dá a lóhùn, ibà ló ń mú un sọ kántankàntan. Kó tó pa ẹnu dé, Àǹtí Àgbékẹ́ ti ń sọ pé òun mọ àgbo ibà kan tó dára, ọtí ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́.

Ìmísí dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn, ó fa báàgì rẹ̀ jáde lẹ́yìn àga, ó sì jáde nígbà tí àwọn àgbà ṣì ń sọ̀rọ̀. Mo sìn ín dé ibi tó ti wọ tróótró, ọkọ̀ èrò, lọ sílé Kwabena, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gba ìtọ́jú. Inú mi dùn, mo sì ń sunkún.

Ó ní, "Chale, ọ̀rẹ́ mi, ṣé mi ò hùwà àìlẹ́kọ̀ọ́ báyìí?"

Mo ní ó hù ú, kó sì máa hù ú lọ.

Nígbà tí mo padà délé, àwọn àlejò ti lọ. Màmá nìkan ló jókòó, ó ti tú gèlè rẹ̀ sórí itan. Mo rò pé ó máa bi mí ibi tí ọmọ rẹ̀ máa sùn.

Ó ní, "Ṣé ará àdúgbò kankan rí báàgì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀?"