Ọjọ́ tí Àwọn Tiwa Borí Nílé Onílé

Ọdún kejì rèé tí Àbdùlsàlàm ti dé láti Amẹ́ríkà, kò sì tíì rí ẹnì kan ní gbogbo Niamey tí wọ́n lè jọ sọ̀rọ̀ bésíbọ́ọ̀lù. Ní Boukoki, àdúgbò tí wọ́n bí i sí, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí ó ń bójú tó lẹ́bàá Gran Marsé, ọjà ńlá ìlú náà, ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti fi ọ̀pá ìwọnṣọ júwe eré náà fún àwọn oníbàárà. Wọ́n ní kí ó jọ̀ọ́, kí ó fi ọ̀pá náà wọn aṣọ fún àwọn.

Ogún ọdún ló lò lọ́hùn-ún, ní ìlú kan létí òkun. Ibi tí wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí ló ti ń ṣiṣẹ́, pápá ìṣeré ńlá ìlú náà kò sì jìnnà sí ilé rẹ̀. Nígbà tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ parí tí wọn kò tún un ṣe fún un mọ́, wọ́n dá a padà sílé pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo. Bàbá rẹ̀ ti kú ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Ìyá rẹ̀, Ràódátù, ló bá nínú agboolé, ojú ìyá náà méjèèjì sì ti fọ́.

Ràódátù kì í bi í ní nǹkan kan nípa Amẹ́ríkà. Kí Àbdùlsàlàm tó lọ, ìyá yìí ti bá a tọrọ Ànísátù, ọmọ ẹbí wọn kan ní Ìlọrin tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ọdún mẹ́rin ni ọmọbìnrin náà fi dúró dè é kí wọ́n tó fi í fún ẹlòmíràn. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà kò tán lára Ràódátù. Òun àti ọmọ rẹ̀ a máa kí ara wọn láàárọ̀, wọn a jẹun, wọn a kírun, ó parí.

Fóònù ló kọ́kọ́ mú wọn jókòó pọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, bí ọ̀sán bá pọ́n lọ́hùn-ún, ìrọ̀lẹ́ ló jẹ́ ní Niamey. Àbdùlsàlàm á tẹ́ ẹní sábẹ́ igi dòńgóyárò, á gbé fóònù sínú àwo irin kí ohùn rẹ̀ lè rinlẹ̀, á máa gbọ́ eré ẹgbẹ́ ìlú tí ó fi sílẹ̀ lórí rédíò àwọn ará ibẹ̀. Ìyá rẹ̀ á sì jókòó lórí àga rẹ̀ nítòsí, torí pé ibẹ̀ nìkan ni atẹ́gùn ti ń fẹ́.

“Kí ni wọ́n ń pariwo sí?” ni ó bi í lọ́jọ́ kan.

Ó ṣàlàyé fún un. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tó le bí òkúta. Ẹnì kejì á fi ọ̀pá gbá a. Bí ó bá gbá a jìnnà, á sáré yí igun mẹ́rin po, á padà síbi tí ó ti gbéra. Bí ó bá padà débẹ̀, ó gba àmì kan fún ẹgbẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

“Gbogbo rẹ̀ náà nìyẹn?”

“Gbogbo rẹ̀ nìyẹn, Ìyá.”

Kò gbọ́ òyìnbó, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣí. Kò pẹ́ tí ó fi mọ̀ ọ́n. Bí ẹgbẹ́ ọmọ rẹ̀ bá ń gbá nílé, ariwo ni ìròyìn ayọ̀. Bí wọ́n bá wà nílùú àwọn ẹlòmíràn, ìdákẹ́jẹ́ ni kí èèyàn máa retí. Ó sọ èyí fún Àbdùlsàlàm, Àbdùlsàlàm sì wò ó pẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ìyá náà rí.

Lọ́jọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹrin, tí ooru mú tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìyẹ ń la ẹnu, ẹgbẹ́ Àbdùlsàlàm lọ gbá ní ìlú kan tó jìnnà sí tiwọn. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án léraléra ni wọ́n ti lọ ṣeré nílé onílé, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án náà ni wọ́n nà wọ́n. Eré bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Nígbà tí ìyá àtọmọ fi máa kí Mọ̀gáríbì tán, àmì kan péré ni ẹgbẹ́ náà fi ju àwọn onílé lọ, ó sì ku ẹnì kan ṣoṣo tí yóò gbá fún àwọn onílé; bí wọ́n bá hán bọ́ọ̀lù rẹ̀ kí ó tó balẹ̀, eré parí nìyẹn.

Méjì nínú àwọn onílé ti wà ní àwọn igun, wọ́n ń wá ọ̀nà àtipadà síbi tí wọ́n ti gbéra. Ẹni ìkẹyìn náà gbá bọ́ọ̀lù. Ariwo sọ, ó ń ga sí i, ó ń ga sí i. Àbdùlsàlàm di etí ẹní mú. Lẹ́yìn náà, gbogbo ariwo náà wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ Àbdùlsàlàm tí ó wà ní ìpẹ̀kun pápá ti fò, ó ti fi ọwọ́ hán bọ́ọ̀lù náà.

“Wọ́n dákẹ́,” ni Ràódátù wí. “Ṣé ó ti parí?”

Ó gbọ́ pé ọmọ òun ń fa imú.

“Àbí wọ́n nà wá ni?”

“Àwa la nà wọ́n, Ìyá.”

“Kí ló wá dé tí o ń sunkún?”

Kí ó tó dáhùn, fóònù dún nínú àwo. Bí ìpè bá wọlé, ìta ni Àbdùlsàlàm máa ń sá lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, omijé wà lójú rẹ̀, kò rí ibi tí ó ń tẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ náà ni ohùn ọmọbìnrin kan ti bọ́ síta, tí ẹ̀rín àti ẹkún dàpọ̀ nínú rẹ̀.

“Dádì!”

Ràódátù mọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó gbé orí sókè.

“Ta ni?”

Àbdùlsàlàm lè purọ́. Ó lè ní ọmọ ọ̀rẹ́ òun ni. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́.

“Ọmọ mi ni, Ìyá. Zuhrah ni orúkọ rẹ̀. Ó ti pé ọmọ ọdún márùndínlógún. Èmi àti ìyá rẹ̀ ti kọ ara wa. Òun ni mo máa ń gbé lọ wo eré yìí láti kékeré.”

Àbdùlsàlàm na ọwọ́ láti pa fóònù.

“Má pa á. Gbé e wá síbí.”

Ó gbé àwo náà lé e lẹ́sẹ̀. Ràódátù gbé ẹnu sún mọ́ ọn.

“Zuhrah.”

Ọmọ náà dáhùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ lára ògiri: “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà.”

“O ṣé, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?”

Àbdùlsàlàm túmọ̀ rẹ̀. Zuhrah ní òun kò lè jẹun láti àárọ̀ torí eré náà. Ìyá àgbà ní àìmọ̀kan gbáà nìyẹn, kí ó lọ jẹun, kí ó sì tún pe òun lọ́la.

Nígbà tí ìpè náà parí, Ràódátù kò fọwọ́ kan oúnjẹ tirẹ̀. “Bàbá rẹ kú,” ni ó wí, “kò mọ̀ pé òun ní ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ rẹ.” Àbdùlsàlàm dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná náà, kò sì wá àwíjàre. Ìyá rẹ̀ ní kí ó dìde.

“Ta ló ṣe àdúà ìkómọ rẹ̀?”

“Àáfà ará Sẹ̀nẹ̀gà kan ni. Èmi àti Ọlálékan, ọ̀rẹ́ mi, la jókòó tì í.”

“Ẹran ńkọ́?”

“A ò rí àgbò, Ìyá. Adìyẹ méjì ni.”

“Adìyẹ,” ni Ràódátù wí. Ó tún un wí lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹni tí wọ́n bú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n pa àgbò ní agboolé náà. Àáfà Bẹ̀llò, àáfà àdúgbò wọn, ṣe àdúà, Ràódátù fúnra rẹ̀ ló sì pe orúkọ ọmọ náà sí àáfà létí. Wọ́n pín ẹran dé ilé àwọn Sàrúmà, ọmọ ìbílẹ̀ Niamey tí wọ́n jọ múlé ti ara wọn. Ìyáálé ibẹ̀ fọwọ́ gba ẹran, ó dúpẹ́, ó wá béèrè pé níbo ni wọ́n tẹ́ ọmọ tuntun sí kí òun lè wò ó.

“Kò sí nílé,” ni Ràódátù dá a lóhùn. “Ó ti lọ síléèwé.”