Òwú Tí Kì Í Ṣe Oògùn

"Ẹ bá mi tún fi òwú yẹn sí i nímú, Nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mosúnmọ́lá ti kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì. Lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn rẹ̀, Sofiyullah, ọmọ rẹ̀ olóṣù mẹ́jọ, ń mí bí ẹni tó ń gun òkè. Bó bá fa èémí, gbogbo egungun ìhà rẹ̀ á hàn.

Àsmá'ù, nọ́ọ̀sì náà, ò lè wò ó lójú. Iṣẹ́ tirẹ̀ nílé ìwòsàn kan ní Fìdítì ò ju kó ki igi tín-ín-rín tí òwú wà lórí rẹ̀ bọ imú àwọn tí wọ́n dá dúró torí ikọ́ àti àìlèmí dáadáa, kó fi òwú náà sínú ike, kó fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ọ̀fìnkìn líle tó ń jà kiri ló mú wọn. Òwú lásán ni.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tó fi bọ ọmọ náà nímú tán, ọmọ ké, ó sín, ó sì sùn fọnfọn. Mosúnmọ́lá gbọ́wọ́ sókè: "Ọlọ́run á jẹ́ kí oògùn yìí jẹ́." Àsmá'ù ṣe àmín. Háà, ta ló ń gbọ́ àdúrà tí kì í ṣe àmín? Èèyàn mẹ́fà mìíràn ló sì ń dúró dè é; ta ló ráyè àlàyé?

Lọ́jọ́ kejì, dókítà kọ̀wé pé kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn, níbi tí ẹ̀rọ tó ń báni mí wà. Mosúnmọ́lá ká ìwé náà sínú ìró, ó jókòó; ìgbà tó yá ló wá kúnlẹ̀ yìí. Kí ló fẹ́ lọ wá n'Íbàdàn, nígbà tí oògùn tó mú ọmọ òun sùn wà ní Fìdítì?

"Ìyá Sofiyullah, ẹ dìde. Kì í ṣe oògùn."

"Kí ni kì í ṣe oògùn?"

"Òwú yẹn. Àyẹ̀wò ni, kí wọ́n lè mọ ohun tó ń ṣe é."

Mosúnmọ́lá yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Ṣé wọ́n ti wá mọ̀ ọ́n?"

"Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì."

"Ọ̀sẹ̀ méjì." Ó rọra dìde. "Mo gbọ́ yín tẹ́ ẹ ṣe àmín, Nọ́ọ̀sì."

Àgbà ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ti Àsmá'ù ò tilẹ̀ lò ju ọjọ́ méjì lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sáré wá mọ́tò, òun náà ló gbé ọmọ sí ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ara ọmọ náà gbóná janjan.

Lẹ́yìn ìrun Aláásárì ọjọ́ náà, ara Àsmá'ù ò gbà á mọ́, ó pe Mosúnmọ́lá lórí fóònù.

"A ti ń padà bọ̀," ni Mosúnmọ́lá wí. "A fẹ́ délé ní Ìmìní kílẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n lè sin ín."

Omijé bọ́ lójú Àsmá'ù. Ó ń retí èpè. Àní, ó ń fẹ́ ẹ.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ń gbọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti ń wúkọ́ láti àná, ara rẹ̀ sì ti ń gbóná. Ṣé kí n gbé e wá bá yín ni, àbí kí n má wulẹ̀ dúró lọ́dọ̀ yín rárá?"

Èpè ì bá sàn. Obìnrin yìí ṣì ń bi òun léèrè, ohunkóhun tí òun bá sì sọ báyìí, yóò tún gbà á gbọ́.