Àwọ̀ Tí Káàdì Kò Mú Kúrò

Ní Jeju níbí, erékùṣù wa ní Korea, bí àgbà bá ti ń dé sí èèyàn, a máa ya fọ́tò tí wọ́n máa gbé kalẹ̀ níbi ìsìnkú rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá tètè yà á, ẹ̀mí rẹ̀ á gùn. Èmi ni mo máa ń yà á fún wọn. Síbẹ̀, nígbà tí Chang-geun, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ní òun fẹ́ yà á láàárín ìkórè ọsàn, inú mi ò dùn sí i rárá. Kò tíì pé ọmọ ọgọ́ta ọdún.

"Bọ̀dá, kí lẹ ń sáré sí?"

"Mo fẹ́ ṣì rẹwà nínú ẹ̀. Àbí kí n dúró dìgbà tí mo bá jọ ìyá yín?"

Bok-hui, ẹ̀gbọ́n mi, fi ìgúnpá gún un níhà. "Ẹ wo ẹni tó ń pe ara ẹ̀ ní arẹwà! Ojú bí ọsàn."

A rẹ́rìn-ín. Lásìkò ìkórè, àwọn àgbẹ̀ ọsàn máa ń jẹ ẹ́ títí ara wọn á fi pọ́n, kò sẹ́ni tó ń kà á sí.

Mo ní kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Gílóòbù yàrá ìyafọ́tò mi máa ń sọ gbogbo nǹkan di àwọ̀ ìyeyè, nítorí náà mo gbé káàdì aláwọ̀ eérú lé Chang-geun lọ́wọ́, kí n kọ́kọ́ yà á mọ́ wọn.

"Kí lèyí? Orúkọ mi ò sí lára ẹ̀."

"Ẹ ṣáà dì í mú, Bọ̀dá."

Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó máa ń bí mi nínú, ìyẹn náà ni mo sì fi fẹ́ràn rẹ̀.

Lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ àárín káàdì náà, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé eérú gidi nìyí. Ohun tí iná bá fi kún fọ́tò ló máa ń mú kúrò. Kì í fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ ti èèyàn fúnra rẹ̀. Ògiri di funfun. Kọ́là wọn di funfun. Ojú ẹ̀gbọ́n mi padà sí bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ti Chang-geun ò yí padà.

Mo rò pé káàdì ti dọ̀tí. Mo mú tuntun, mo tún wọn yà. Bákan náà ni. Mo wá fa fọ́tò náà súnmọ́, mo wo ẹyinjú rẹ̀. Ọsàn máa ń pọ́n àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n kì í wọ inú ẹyinjú. Funfun ojú tirẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká jáde síta."

"Nínú òtútù yìí? Ṣebí iṣẹ́ ẹ ni. Nu àwọ̀ yẹn kúrò nínú fọ́tò."

"Ẹ dìde!" Mi ò pariwo mọ́ ọn rí.

Níta, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò fa ìpéǹpéjú ọkọ rẹ̀ sísàlẹ̀. Ó fa ìkejì.

"Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ nìyí," mo ní. "Ilé ìwòsàn ló kàn."

"Ẹ jẹ́ ká kórè tán ná."

"A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá, Bọ̀dá!"

Bok-hui ò tiẹ̀ gbọ́ wa. "Láti ìgbà wo?" ó bi ọkọ rẹ̀.

Chang-geun ń wo ilẹ̀.

"Ìtọ̀ mi ti dúdú láti ìgbà tí ooru ti lọ. Mo sì ń rù. Ẹ̀rù ló bà mí, mi ò lè sọ fún ẹ."

"Ẹ wá ní ká wá ya fọ́tò?" ni Bok-hui bi í.

"Mo fẹ́ kó ti wà nílẹ̀, kó má baà jẹ́ pé ìwọ lo máa máa wá a kiri."

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìkúùkù gbá a láyà. Lẹ́yìn náà ó bá a de bọ́tìnnì kọ́là rẹ̀ dé ọrùn, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn mọ́tò.