Ìdí Tí Apá Ẹ̀wù Mi Kò Fi Dọ́gba

Màmá, mo rí i pé apá ẹ̀wù mi lẹ ń wò látìgbà tí mo ti jókòó. Ẹ jẹ́ kí n sọ àlá tí mo lá mọ́jú òní fún ẹ̀yin àti Bàbá kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ní ọjà Láfẹ́nwá ni mo wà lójú àlá, mo bẹ̀rẹ̀ nídìí òkìrìkà, mo ń wá ẹ̀wù tí mo máa wọ̀ wá kí yín. Mo rí ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, mo nájà rẹ̀, mo gbà á. Bí mo ṣe gbójú sókè, ṣọ́ọ̀bù olówó ńlá kan láti Òkè-Ìlewó ni mo rí tó léfòó lókè ọjà. Wọ́n fi okùn so ó mọ́ igi kí atẹ́gùn má baà gbé e lọ. Ọkàn mi ní òkìrìkà kò yẹ ilé àna, ni mo bá gun okùn náà lọ.

Kóòtù dúdú kan wà níbẹ̀ tó wù mí gan-an. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í jẹ́ kí ọlọ́jà mọ̀, mo bá fajú ro. Kí n tó yanu, kóòtù ti sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí mi po, ó ń tú ọrùn mi wò.

Ó bi mánéjà pé, "Èló lẹ fẹ́ ta eléyìí?"

Mánéjà dá iye. Kóòtù pòṣé, ó ní mo ti ṣá, ó sì kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Ká sòótọ́, ó dùn mí. Mánéjà ti di ewúrẹ́ nígbà yẹn, àmọ́ táì rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn. Ó ní kí kóòtù padà wá mú mi lọ ní iye tó bá ní. Wọ́n dì mí sínú ọ̀rá.

Bí kóòtù ṣe gbé mi wá sílé yìí nìyẹn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún yín, ó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ jù mí lọ. Ẹ fún un ní àga, ẹ sì fi èmi kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyẹn ò bí mi nínú, ìṣó náà le dáadáa. Àmọ́ nígbà tí Bàbá bi Àṣàbí bóyá ọkọ tó mú wá nìyí, mo gbìyànjú láti bọ́ kúrò lórí ìṣó. Mo fẹ́ pariwo pé èmi ni, ẹnu mi ti di bọ́tìnnì.

Àṣàbí wo kóòtù, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Ó ní, "Èyí tó wà lára ìṣó yẹn ni mo mú wá, Bàbá. Ó kàn rún ni."

Ló bá lọ gbé áyọ́ọ̀nù. Bó ṣe ń gbé e bọ̀ tó ń yọ èéfín ni mo ta jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Mo sáré jáde lọ wo ṣẹ́ẹ̀tì tí mo rà ní Láfẹ́nwá lánàá, tí mo fọ̀ sá sórí okùn. Ewúrẹ́ onílé mi ti jẹ apá ọ̀tún rẹ̀ dé ìgúnpá. Mo fà á, òun náà fà á, ó ń wò mí bí ọlọ́jà tó ń retí kí n fi díẹ̀ lé e. Nígbà tí mo gbà á tán, mo gé apá òsì kó lè bá ọ̀tún mu, ṣùgbọ́n mo fi ìkánjú gé e kọjá ìgúnpá.

Gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Àṣàbí, má rẹ́rìn-ín. Màmá, mo ti rí ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín. Ẹ jọ̀ọ́, àga yìí tẹ́ mi lọ́rùn.